Àfi-n-rí-i àti Ẹyin Inú Iyanrìn

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó rántí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Àfi-n-rí-i ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè é. Bí wọ́n bá sọ fún un pé afárá ti já, á ní àfi kí òun rí i. Bí wọ́n bá ní ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ojúlé kẹta ga débi pé ó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, á ní àfi kí òun rí i. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ sọ fún un pé ìfẹ́ rẹ̀ ń pa òun, ohun tó fi dá òun lóhùn náà nìyẹn.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe. Yàrá iwájú ilé wọn kún fún aṣọ lílọ̀ tó so rọ̀ sára igi tí káfíńtà kàn mọ́ ògiri: kóòtù funfun àwọn dókítà, yúnífọ́ọ̀mù, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura kan tó wà lójú títì. Yàrá ẹ̀yìn ni àwọn áyọ́ọ̀nù wà, ibẹ̀ a sì máa móoru débi pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ pẹ́ díẹ̀, aṣọ ọrùn tirẹ̀ náà á fẹ́ fífọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó lè bá a yí i padà: a kì í bu omi gbígbóná sí àbàwọ́n tí a kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí omi tútù ìbá ṣí kúrò wẹ́rẹ́, bí omi gbígbóná bá fi lè kàn án, ó di onílé nìyẹn. Nítorí náà, bí aṣọ bá dé, á gbé e sójú fèrèsé, á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á fi èékánná họ ọ́, á sì bi aláṣọ ní ìbéèrè títí aláṣọ á fi máa làágùn bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.

Lẹ́yìn ilé wọn, odò kékeré kan ń ṣàn gba ìsàlẹ̀ àdúgbò kọjá. Níhà ọ̀hún odò náà kò sí ilé kankan. Koríko tó ga ju ènìyàn lọ ló wà níbẹ̀, àti ilẹ̀ oníyanrìn kan tó tẹ́jú gbalasa, tí oòrùn máa ń pa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Káfíńtà ti na pákó sórí odò fún ìyàwó rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń gbà lọ sá àwọn aṣọ ńláńlá, nítorí pé àgbàlá ilé kò gbà wọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ ti wó ọ̀kan nínú àwọn òpó okùn ìsáṣọ lulẹ̀. Àfi-n-rí-i mú ṣọ́bìrì, ó kọjá sí òdì kejì láti gbẹ́ ihò mìíràn fún un. Kò tíì gbẹ́ ẹ jìnnà tó fi ṣàkíyèsí pé iyanrìn ibẹ̀ rọ̀ jù, bí ìgbà tí ẹnìkan ti gbẹ́ ibẹ̀ ṣáájú òun tó sì tún dí i padà. Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kó iyanrìn. Nǹkan funfun kan yọ. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Òmíràn tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà lábẹ́ méjèèjì.

Ẹyin ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹyin tó mọ̀. Wọ́n rí róbótó, wọn kò ní ṣóńṣó kankan, bí bọ́ọ̀lù kéékèèké tí wọ́n fi ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì gẹ́lẹ́.

Ó ké sí ọkọ rẹ̀. Káfíńtà fi ayùn sílẹ̀, ó sáré kọjá lórí pákó, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú ihò náà, ó tún wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn, àbí ìwọ lo yé wọn síbẹ̀?"

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹyin kí nìyí?"

"Ẹyin tó ní ìyá ni. Jẹ́ ká kúrò ńbí kí ìyá rẹ̀ tó dé."

Àfi-n-rí-i kò kúrò. Ó rọra da iyanrìn bo àwọn ẹyin náà bó ṣe bá wọn, ó sì ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe káfíńtà ni pé ó sọ fún ẹnìkan. Ẹnìkan yẹn sọ fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ sì dé ojúlé kejì kí oòrùn tó mú.

Ojúlé kejì yìí ni ìyàwó dírẹ́bà ń gbé. Kò pẹ́ tó fi jáde wá, kẹ́tùlù ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín ń rú lẹ́nu rẹ̀. Ó gba orí pákó kọjá láìwo ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yẹ̀ fún mi."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ sè wọ́n mọ́ inú iyanrìn. Ẹyin ejò ni."

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹyin ejò ni?"

"Ẹsẹ̀ ọkọ mi ló sọ fún mi."

Gbogbo àdúgbò ló mọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà. Létí odò yìí kan náà ni ejò ti bu dírẹ́bà ṣán ní ọdún tó kọjá, nígbà tó wá bu omi fọ ọkọ̀. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò; kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, orí àga ló máa ń wà níwájú ilé, á máa wo ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, á sì máa sọ fún ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ pé èyí kò mọ jíà í yí. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àfi-n-rí-i mọ òwe náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òwe tí èèyàn ń pa létí obìnrin tí ejò bu ọkọ rẹ̀ ṣán.

Síbẹ̀, kò yẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Àbúrò mi, gbọ́ mi. Bó bá jẹ́ ejò ni, èmi fúnra mi ni n ó gbé omi gbígbóná wá. O kò tún ní bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́."

"Ìgbà wo lẹ máa mọ̀? Ìgbà tí wọ́n bá ti ń wọ́ kiri lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa?"

"Fún mi ní ọ̀sẹ̀ yìí."

Obìnrin náà wò ó títí. Èéfín ẹnu kẹ́tùlù ti ń tán lọ. Lójijì ó da omi náà sínú koríko, ó yíjú padà.

"Ọ̀sẹ̀ yìí o, ẹ̀gbọ́n. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá mi wí."

Bí Àfi-n-rí-i ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nìyẹn. Ó fa àwọn aṣọ ilé ìtura lé àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, ó so gèlè mọ́rí gírígírí, ó jáde. Ó kọ́kọ́ lọ bá ọkùnrin tó ń sin adìẹ ní òpin àdúgbò. Ìyẹn ní òwìwí ni, pé ẹyin òwìwí máa ń rí róbótó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé òwìwí a máa ri ẹyin mọ́lẹ̀?"

"Ó lè jẹ́ pé orí rẹ̀ dà rú ni."

Ó lọ bá apẹja àgbà kan. Ìyẹn kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi ní ọ̀nì ni, ó sì na apá rẹ̀ méjèèjì láti fi gígùn ìyá ẹyin náà hàn. Nígbà tí apá kò tó, ó ní kí ọmọ rẹ̀ lọ dúró lọ́hùn-ún. Alápatà ní bí kò bá jẹ́ ejò, kí wọ́n gé etí òun.

"Ẹ ti rí ẹyin ejò rí?" ni Àfi-n-rí-i bi í.

"N kò rí i rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Gbogbo wọn ló búra, kò sì sí méjì tó búra sí ibì kan náà. Nígbà tó ń padà bọ̀ wálé, ẹsẹ̀ ti ń ro ó. Bó ṣe jókòó ní yàrá iwájú tó ń bọ́ bàtà, ojú rẹ̀ lọ sára kóòtù funfun kan tó so rọ̀ níbẹ̀. Ti olùkọ́ obìnrin kan ni, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Nínú gbogbo aṣọ tó ń wọlé, kóòtù yẹn ni àbàwọ́n rẹ̀ máa ń ṣòro jù lọ: lónìí ẹrẹ̀ àbàtà, lọ́la ohun tí ẹyẹ ṣu, lọ́túnla ohun kan tí olùkọ́ ní kó má wulẹ̀ béèrè. Àfi-n-rí-i fi ọwọ́ lu itan. Òmùgọ̀ wo ló ń bi alápatà léèrè, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ní ọjọ́ kejì, ó ká kóòtù náà, ó gbé e lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Aṣọ́nà ní ìgbà ìdánwò ni, àlejò kò lè wọlé, kí ó fi aṣọ sílẹ̀.

"Ọwọ́ aláṣọ ni mo fẹ́ fi í lé."

"Ẹ ó pẹ́ níbí o, mà."

"Mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé."

Ó jókòó sórí bíríkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Oòrùn yí kúrò lọ́tùn-ún bọ́ sósì, ó ń bá a yí. Nígbà tó ṣe, aṣọ́nà fúnra rẹ̀ gbé àga fún un. Ìrọ̀lẹ́ ni olùkọ́ jáde, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú, báàgì rẹ̀ kún fún ìwé ìdánwò. Ó rí kóòtù, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà, ẹ ì bá má yọ ara yín lẹ́nu," ó sì ti fẹ́ máa lọ.

"Olùkọ́, mo rí ẹyin kan nínú iyanrìn."

Olùkọ́ dúró. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè tó bi Àfi-n-rí-i létí géètì yẹn, Àfi-n-rí-i fúnra rẹ̀ kò bi aláṣọ kankan bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé èèpo ẹyin náà le ni àbí ó rọ̀ bí awọ? Ṣé wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn? Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà sí omi tó? Ó ní ẹyin ejò sábà máa ń rọ̀, wọ́n a sì máa gùn díẹ̀, wọ́n a tún máa lẹ̀ mọ́ra. Ti ọ̀nì le, ṣùgbọ́n ó gùn.

"Tó bá wá le, tó sì rí róbótó ńkọ́?"

"Ohun kan ń sọ sí mi lọ́kàn, mà, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́ títí n ó fi rí i."

Inú Àfi-n-rí-i dùn débi pé ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Nínú gbogbo àwọn tó ti bi léèrè, ẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé òun kò tíì mọ̀ nìyí. Olùkọ́ tún kìlọ̀ fún un pé bó bá fẹ́ gbé ẹyin kankan, kí ó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ṣe àmì sí òkè rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kó yí rárá, torí pé bí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé, ọmọ inú rẹ̀ lè kú.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, olùkọ́ dé pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ìyàwó dírẹ́bà náà jáde wá, ó ká ọwọ́ gbera. Olùkọ́ kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ó fi ìka kan ẹyin náà, ó ṣe àmì sí ọ̀kan, ó sì gbé e jáde bí ẹni gbé iná àtùpà. Ó ní òun fẹ́ ibi tó ṣókùnkùn. Àfi-n-rí-i mú un lọ sí yàrá áyọ́ọ̀nù, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn. Olùkọ́ tan tọ́ọ̀ṣì kékeré, ó gbé ẹyin lé e.

Ẹyin náà mọ́lẹ̀ bí òṣùpá tó ń yọ. Nínú rẹ̀, okùn pupa tín-tìn-tín nà káàkiri, ohun dúdú kékeré kan sì wà láàárín wọn, ó ń mì.

"Ó wà láàyè," ni káfíńtà wí. Ní tòótọ́, kò rẹ́rìn-ín.

"Ejò náà a máa wà láàyè," ni ìyàwó dírẹ́bà dáhùn láti inú òkùnkùn.

Olùkọ́ ní òun gbà pé ìjàpá odò ni, ṣùgbọ́n irú èyí tó jẹ́ kò tíì dá òun lójú, àfi bí wọ́n bá pa. Ìyàwó dírẹ́bà mi orí.

"Ẹ má bínú, mà. Ìwé ló sọ fún yín. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ìwé purọ́, ilé mi ló sún mọ́ ibẹ̀, kì í ṣe tiyín."

Àfi-n-rí-i yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó ní kó kan àpótí tí kò nídìí, kó fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo òkè rẹ̀, kó sì fi àgádágodo sí i, kí wọ́n rì í mọ́ iyanrìn yí ẹyin náà ká. Ohunkóhun tó bá jáde kò ní lè lọ láìjẹ́ pé wọ́n rí i. "Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ, àbúrò mi," ló wí. "Bó bá jẹ́ ejò, o mọ ohun tí wàá ṣe."

Nígbà tí wọ́n ti dá ẹyin ọ̀hún padà sáyè rẹ̀, tí àpótí sì ti wà nílẹ̀, obìnrin náà na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n dúró. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹyin kò wí nǹkan kan. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi Àfi-n-rí-i rẹ́rìn-ín, wọ́n ń béèrè bóyá òkúta ló ń sàba lé. Láràárọ̀, kó tó fi iná sí áyọ́ọ̀nù, á kọjá sí òdì kejì, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iyanrìn láti mọ̀ bó ṣe móoru tó, á sì wo odò.

Odò náà ló sì kọ́kọ́ dá wọn láàmú. Òjò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ lóru, ilẹ̀ mọ́ kò dá. Nígbà tí Àfi-n-rí-i ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, omi ti pọ́n bí ẹrẹ̀, ó ti ń lá etí pákó. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó pẹ́ńsù sápò, ó gbé bàsíà ńlá tó fi ń fọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, ó jáde sínú òjò. Ẹ̀yìn ìgbà tó dé ìdí àpótí ló tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ òun.

Ó fẹ́ pariwo pe ọkọ rẹ̀ kó mú òòlù wá. Bó ṣe gbójú sókè ló rí ìyàwó dírẹ́bà tó ń bọ̀ lórí pákó, ó ti ká aṣọ dé orúnkún, kọ́kọ́rọ́ wà ní eyín rẹ̀.

"Ìwọ náà jáde?"

"Bí omi bá gbé wọn lọ, ẹ̀gbọ́n, báwo ni n ó ṣe mọ ohun tó ń bẹ níbẹ̀? Ṣé n ó máa fò sókè títí n ó fi kú ni? Ẹ di bàsíà mú dáadáa."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ nínú omi. Àfi-n-rí-i ń ṣe àmì sí òkè ẹyin kọ̀ọ̀kan. Èkejì ń gbé e sórí iyanrìn gbígbẹ tí wọ́n ti kó láti òkè sínú bàsíà, kò sì jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo yí. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ihò ti rì. Wọn kò rí wọn yọ. Káfíńtà dé, ó di pákó mú títí wọ́n fi gbé bàsíà náà kọjá. Bí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ṣe kúrò lórí pákó, omi gbé pákó lọ, òun àti àpótí náà.

Wọ́n gbé bàsíà sí igun yàrá áyọ́ọ̀nù, níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Àmọ́ ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Àfi-n-rí-i ní iṣẹ́, káfíńtà ní iṣẹ́. Dírẹ́bà ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò níwájú ilé, ó wá jókòó ti bàsíà, ọ̀pá rẹ̀ lórí itan. Bó ṣe ń ṣọ́ ẹyin, ó ń ká aṣọ; láìpẹ́, kíká aṣọ rẹ̀ gún ju ti àbúrò káfíńtà lọ. Ìyàwó rẹ̀ á wá wò ó lọ́sàn-án, á ní òun ń wo ẹyin ni.

Ọ̀sán kan ni dírẹ́bà ké jáde. Àfi-n-rí-i gbé áyọ́ọ̀nù dúró, káfíńtà sáré wọlé, ìyàwó dírẹ́bà ti gbá ọ̀pá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ẹyin kan ti sán. Imú gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jáde nínú rẹ̀, ó ń mí sókè mí sódò. Obìnrin náà gbé ọ̀pá sókè. Imú náà fà sẹ́yìn, ó tún yọ. Lẹ́yìn náà ọwọ́ kan yọ, ọwọ́ gidi tó ní èékánná.

"Ejò kò lọ́wọ́," ni dírẹ́bà wí jẹ́jẹ́. "Ìyàwó mi, fi ọ̀pá sílẹ̀. Ejò kò lọ́wọ́."

Ó fi í sílẹ̀. Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mímọ́, ó fi ojú bọ ọ̀kan nínú wọn, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ rẹ̀. Àfi-n-rí-i jókòó tì í, kò sọ fún un pé kó dákẹ́.

Nígbà tí olùkọ́ dé, ó ju mẹ́wàá lọ tó ti pa. Àwọn mìíràn kò pa, wọ́n ti bàjẹ́. Olùkọ́ gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìjàpá odò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú èyí tí mo rò kọ́. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kò le bí igbá, ó rọ̀. N kò rí ọmọ rẹ̀ láàyè rí, inú ìwé nìkan ni."

Odò ti fà. Wọ́n gbé bàsíà lọ sí etí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, dírẹ́bà sì ń bá wọn bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ̀kalẹ̀ débẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. Àfi-n-rí-i dojú bàsíà kọ omi, àwọn ọmọ ìjàpá sì sáré bọ́ sómi bí ẹni tí wọ́n ti ń dúró dè nílé. Ọ̀kan ṣoṣo ló yí sẹ́yìn, ó ń rìn padà bọ̀ sórí ilẹ̀, ó sì kọrí sí ẹsẹ̀ ìyàwó dírẹ́bà.

Obìnrin náà kò sá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un pẹ̀lú ìka méjì, ó yí ojú rẹ̀ sí odò, ó sì tì í díẹ̀ lẹ́yìn.

"Ọ̀nà ò gbabí," ló wí. "Máa lọ."

Ó lọ.